Kúráǹtì inú eegun: bí iná mànàmáná ṣe ń mú kí eegun tó dá le padà

Igbó Ìdáàṣà, tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè, ìlú olókè ni. Òkè 41 ni wọ́n máa ń kà fún un. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kan nínú wọn rí, bóyá nígbà ìrìn-àjò mímọ́ Arigbo nínú oṣù kẹjọ, á mọ bí ojúgun ṣe máa ń ro èèyàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ òkúta, tí ìwúwo ara sì wá sórí eegun, kúráǹtì kékeré kan máa ń ṣẹ̀ nínú eegun ọ̀hún. A ò pa òwe o. Kúráǹtì gidi ni, ẹ̀rọ lè wọ̀n ọ́n.

Ìlú yìí náà ni títì tó ti Cotonou bọ̀ ti pín sí méjì: ọ̀kan gba Savè lọ sí Parakou, èkejì gba Savalou lọ sí Djougou. Ọkọ̀ akẹ́rù, takísí, zémidjan, gbogbo wọn ló ń pàdé níbẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí èyí ń fi ojúgun àwọn èèyàn ṣe. Ẹsẹ̀ á dá, wọ́n á dì í, wọ́n á dúró. Oṣù mẹ́ta á kọjá, oṣù mẹ́fà á kọjá, eegun ò so. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan á wá sọ fún ẹbí pé ẹ̀rọ kan wà nílùú òyìnbó tó ń fi kúráǹtì so eegun pọ̀. Àwọn kan á ní irọ́ ni. Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ta ilẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí kúráǹtì ń ṣe fún eegun àti ohun tí kò lè ṣe.

Kí ló wà nínú eegun?

Ẹ mú eegun adìyẹ kan tí ẹ ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, ẹ rì í sínú vinaigre fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ó rí i pé ó ti rọ̀ bíi rọ́bà, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ láìdá. Vinaigre ti jẹ ohun líle inú rẹ̀. Ẹ wá ju eegun mìíràn sínú iná èédú títí á fi funfun. Ìyẹn ò ní tẹ̀ rárá, ọwọ́ lásán lẹ máa fi rún un. Iná ti jó ohun rírọ̀ inú rẹ̀ lọ.

Ohun rírọ̀ yẹn ni kọ́lájẹ̀nì, okùn tín-ín-tín-ín tí ara fi amúaradàgbà ta. Ohun líle náà ni èròjà tí kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì para pọ̀ ṣe, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hydroxyapatite. Nínú eegun àgbàlagbà, ohun líle yìí tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo eegun. Ó dà bí ilé alámọ̀ àtijọ́: kọ́lájẹ̀nì ni igi àti okùn tí wọ́n fi so ó, hydroxyapatite ni amọ̀ tí wọ́n rẹ́ mọ́ ọn. Igi láìsí amọ̀ á máa mì, amọ̀ láìsí igi á ya lulẹ̀.

Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí. Sẹ́ẹ̀lì akọ́lé ń ta okùn kọ́lájẹ̀nì sílẹ̀. Okùn náà á wà ní rírọ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì, kí kálísíọ̀mù tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àlàfo àárín wọn. Sẹ́ẹ̀lì awólé ń jẹ èyí tó ti gbó kúrò. Ẹ̀kẹta, olùṣọ́, ti sin ara rẹ̀ sáàárín eegun, òun ló ń mọ ibi tí ẹrù ti ń wúwo jù.

Bí eegun bá dá, ara máa ń kọ́kọ́ fi ohun rírọ̀ kan, tó dà bí èyí tó wà nínú etí wa, dí àlàfo náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kálísíọ̀mù á wọ̀ ọ́, tí á le. Àwòrán radio kì í rí ohun rírọ̀ yìí, ibi tó ti le nìkan ló ń funfun lójú fíìmù. Ìdí nìyí tí dókítà fi lè wo radio ọ̀sẹ̀ kẹta kó sì ní òun ò tíì rí nǹkan kan, nígbà tí iṣẹ́ ti ń lọ lábẹ́. Ìṣòro gidi ni ti ẹni tí ohun rírọ̀ náà wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ tí kò le. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ronú kan kúráǹtì.

Òkúta tó ń ṣe kúráǹtì

Ẹ gbé òkúta granite kan láti ara òkè Dassa sójú oòrùn. Láàárín àwọn hóró dúdú àti àwọn hóró tó pọ́n díẹ̀, ẹ ó rí àwọn kan tó ń dán bíi dígí. Quartz nìyẹn. Lọ́dún 1880, ní Paris, àwọn ọmọ ìyá méjì kan, Jacques àti Pierre Curie, rí i pé bí èèyàn bá tẹ quartz mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára, kúráǹtì á yọ lára rẹ̀: ojú kan á di àròpọ̀ (+), ojú kejì á di àyọkúrò (–). Allume-gaz tí kò ní bátìrì, tó ń dún “kàà” kó tó ta pàrà, ọgbọ́n yìí náà ló ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ìdí tí òkè Dassa kì í fi í gbọn èèyàn, ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn hóró quartz inú òkúta ò kọjú síbì kan náà, ohun tí ọ̀kan bá ṣe, èkejì á pa á rẹ́.

Ní Kyoto, lórílẹ̀-èdè Japan, dókítà oníṣẹ́ abẹ eegun kan, Iwao Yasuda, ti ń fi kúráǹtì kékeré sínú eegun ehoro láàárín ọdún 1950 sí 1955, ó sì rí i pé eegun tuntun ń hù níbi ẹnu àyọkúrò wáyà náà. Lọ́dún 1957, òun àti Eiichi Fukada, onímọ̀ físíìsì, gbé e jáde pé eegun gbígbẹ pàápàá máa ń ṣe kúráǹtì bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, bíi ti quartz gẹ́lẹ́. Okùn kọ́lájẹ̀nì ni wọ́n rí pé ó ń fà á. Ní 1962, Andrew Bassett àti Robert Becker ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí eegun bá tẹ̀ lábẹ́ ẹrù, apá tí ó ń fún pọ̀ á di àyọkúrò, apá tí ó ń nà á di àròpọ̀.

Ẹ fi ìyẹn wé ohun tí àwọn ìyá wa ti ń rí tipẹ́. Ọmọdé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, tó so ní wíwọ́ díẹ̀, bó bá ń dàgbà tó sì ń sáré, ẹsẹ̀ náà sábà máa ń nà fúnra rẹ̀. Níbi tó ti tẹ̀ wọnú ni eegun tuntun ti ń kún. Níbi tó ti yọ síta ni ara ti ń gé e kúrò. (Eegun tó yí po kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn máa ń dúró ní yíyí.) Julius Wolff, dókítà ará Jámánì, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1892 pé eegun máa ń tún ara rẹ̀ mọ gẹ́gẹ́ bí ẹrù tó ń gbé. Ohun tó gbé iṣẹ́ náà fún sẹ́ẹ̀lì ni òun ò mọ̀ nígbà náà. Kúráǹtì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdáhùn.

Ọ̀kan ni a wí o. Eegun tó wà nínú ara alààyè kì í ṣe gbígbẹ, omi oníyọ̀ kún inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹlẹ̀, omi yìí á sáré gba inú ihò lọ, á sì gbé kúráǹtì tirẹ̀ dání. Nínú eegun tútù, ti omi yìí ló pọ̀ jù ti kọ́lájẹ̀nì lọ. Sẹ́ẹ̀lì olùṣọ́ sì tún ń mọ̀ ọ́n lára bí omi ṣe ń fọwọ́ kàn án kọjá, yàtọ̀ sí kúráǹtì pátápátá.

Báwo ni kúráǹtì ṣe ń pe kálísíọ̀mù?

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ti rí, wọn ò sì dọ́gba.

Àkọ́kọ́ rọrùn láti lóye. Kálísíọ̀mù tó wà nínú omi ara ní àmì àròpọ̀, nítorí náà ibi tó bá ti jẹ́ àyọkúrò á fà á mọ́ra. Ní 2007, àwọn onímọ̀ kan ní Venezuela mú kọ́lájẹ̀nì eegun, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ nínú omi tó ní kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì, láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan níbẹ̀. Ní apá tó ń fún pọ̀ ni hydroxyapatite ti bà lé e. Àyẹ̀wò yìí dùn mọ́ wa nínú, ṣùgbọ́n kò tó láti fi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wa kún fún kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì lójoojúmọ́, síbẹ̀ iṣan wa kì í di òkúta. Èròjà kan wà nínú ara, pyrophosphate, tó ń dí kálísíọ̀mù lọ́wọ́ kó má bàa le níbi tí kò yẹ. Níbi tí eegun bá ti yẹ kó hù, sẹ́ẹ̀lì akọ́lé á gbé ọ̀bẹ tirẹ̀ jáde, phosphatase alcaline, á gé pyrophosphate náà, ọ̀nà á ṣí. Láìsí sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, kúráǹtì kò lè kọ́lé.

Ọ̀nà kejì jẹ́ ti wáyà tí wọ́n fi sínú eegun gan-an. Níbi ẹnu àyọkúrò rẹ̀, kúráǹtì máa ń lo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó wà níbẹ̀, ó sì máa ń dín kíkan omi ara kù. Ẹ rántí vinaigre: kíkan ló ń tú eegun. Níbi tí kò bá kan, kálísíọ̀mù á rọrùn láti bà. Kí ọ́síjìn dín kù díẹ̀ tún ń ru sẹ́ẹ̀lì akọ́lé sókè, ó sì ń pe iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun wá síbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta la gbà pé ó wúwo jù. Ara sẹ́ẹ̀lì ní àwọn ilẹ̀kùn tín-ín-tín-ín tí kúráǹtì lè ṣí. Bí wọ́n bá ṣí, kálísíọ̀mù díẹ̀ á wọlé, kì í ṣe láti di eegun, bí kò ṣe láti ṣe iṣẹ́ oníkéde: “Ẹ dìde, iṣẹ́ yá.” Sẹ́ẹ̀lì á wá pọ̀ sí i, wọ́n á tú èròjà tó ń pe eegun jáde, wọ́n á ta kọ́lájẹ̀nì, wọ́n á sì gbé ọ̀bẹ wọn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan jáde.

Àwọn ẹ̀rọ náà, àti bí kúráǹtì wọn ṣe kéré tó

Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan òjìjí rí nínú odò Ouémé mọ̀ pé kúráǹtì kì í ṣe ohun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Òjìjí lè tu tó 350 volt jáde. Irú èyí kì í so eegun, ṣe ló ń gbọn èèyàn ṣubú. Ti eegun kéré jọjọ: láàárín 5 sí 20 microampère ni Carl Brighton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia rí pé ó ń ṣe é dáadáa. Kò tó bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan tó máa hù. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, eegun tó wà níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kí ẹ lè mọ bó ti rí: chargeur fóònù tó ń gbé ampère kan jáde fi ìlọ́po 50 000 ju 20 microampère lọ.

Ní 1971 ni wọ́n ròyìn eegun ọrùn ẹsẹ̀ kan tó ti kọ̀ láti so, tó so lẹ́yìn tí wọ́n fi kúráǹtì bẹ́ẹ̀ sí i. Ní 1979, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oògùn fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ yìí. Oríṣi mẹ́ta ló wà títí dòní. Ọ̀kan, wọ́n á fi iṣẹ́ abẹ gbé e sínú ara, bátìrì rẹ̀ á ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Èkejì, wọ́n á lẹ ohun méjì mọ́ awọ ara ní ìhà méjèèjì ibi tó dá. Ẹ̀kẹta ni òrùka wáyà tó ń ṣe bíi màgínẹ́ẹ̀tì, tí aláìsàn á gbé lé orí plâtre láìkan awọ, fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́. Èèyàn kì í mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀rọ tó bá ń ta yín, tó ń fa iṣan yín fọ́nfọ́n, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Ibí yìí ni àṣìṣe ti pọ̀. Ẹ̀rọ tí kiné máa ń lẹ mọ́ ẹ̀yìn tàbí orúnkún, tó ń ta èèyàn wìrìwìrì, fún ìrora àti fún iṣan ló wà. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe é fún eegun tí kò so. Bẹ́líìtì màgínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp náà ò ní kúráǹtì kankan nínú. Màgínẹ́ẹ̀tì tó jókòó sójú kan kì í ṣe ohun tí òrùka wáyà yẹn ń ṣe. Ti bátìrì mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Á jó ẹran ara, ó sì lè pa èèyàn.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, fún àwọn kan. Ní 1990, dókítà Sharrard ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí èèyàn 45 tí ojúgun wọn ń falẹ̀ láti so. Ogún gba ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, àwọn 25 gba èyí tí kò ní kúráǹtì nínú láìmọ̀, wákàtí 12 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Nínú àwọn 20, mẹ́wàá ni radio fi hàn pé eegun wọn ti so tàbí pé ó ti ń so. Nínú àwọn 25, méjì péré. Ẹ kíyè sí i pé mẹ́wàá yòókù lára àwọn tó gba ẹ̀rọ gidi ò rí nǹkan kan gbà.

Fún eegun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìròyìn náà kò dùn. Ní Australia, wọ́n dán an wò lára èèyàn 259 tí ojúgun wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, èsì rẹ̀ jáde ní 2011: iye àwọn tó padà lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ò dín kù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá kó àyẹ̀wò 15 jọ ní 2016, wọ́n rí i pé kúráǹtì dín ewu pé kí radio fi eegun tí kò so hàn kù ní nǹkan bí 35%, ìrora náà dín díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò rí i pé àwọn èèyàn náà ń rìn tàbí ń ṣiṣẹ́ dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lánàá ní ojú ọ̀nà Glazoué, ẹ̀rọ yìí kọ́ ni kí ẹ máa wá.

Ibi tí ó ti lè wúlò ni eegun tó ti lé ní oṣù mẹ́sàn-án, tí radio oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ò sì fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Níbẹ̀ náà, ó ní ohun tó lè bà á jẹ́. Bí àlàfo àárín eegun méjèèjì bá ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kúráǹtì ò lè fò ó. Bí ibi tó dá bá ṣì ń mì, kò ní so. Bí kòkòrò àrùn bá wà nínú rẹ̀, tó ń ṣàn, ẹ kọ́kọ́ wá ìwòsàn ìyẹn. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ọkàn nínú àyà ò gbọdọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà ọkàn rẹ̀ fọwọ́ sí i, aboyún náà ò sì gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ dán an wò. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni ọ̀kan ń ná wọn. Ní tiwa, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi irin mú eegun ṣinṣin, tí wọ́n sì bu eegun díẹ̀ láti ìbàdí sí i, ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀nà tó sún mọ́ ọwọ́ jù.

Kúráǹtì tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀

Àwọn tó ń lọ sí òfurufú, tí ẹsẹ̀ wọn kì í tẹ ohunkóhun, máa ń pàdánù tó 1 sí 1,5% eegun ìbàdí wọn lóṣù kan. Ẹrù ò sí, omi inú eegun ò sáré, ìránṣẹ́ ò dé etí akọ́lé. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀, ní ìwọ̀nba, sí ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní fún oṣù mẹ́rin nítorí ẹ̀rù. Bí dókítà bá ti ní kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, kó tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni ẹ̀rọ kúráǹtì tí kò gba owó. Ṣùgbọ́n kó má tẹ̀ ẹ́ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n bá sọ, torí eegun tó ń mì kiri ò ní le.

Àwọn àgbà wa tó ń to eegun mọ ohun kan nípa èyí. Àwọn kan nínú wọn máa ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ lọ́jọ́ tí wọ́n gba aláìsàn, wọ́n á di méjèèjì pa pọ̀. Bí adìyẹ bá ti ń rìn, wọ́n á tú aláìsàn náà. A ò fi wọ́n ṣẹ̀sín, ọ̀pọ̀ eegun tó rọrùn ti so lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ń gba adìyẹ, ojúgun àgbàlagbà sì ń gba oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Bí igi tí wọ́n fi dì í bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ lè kú. Bí ìka bá tutù, bí ó bá ń dúdú, bí aláìsàn ò bá mọ̀ ọ́n lára mọ́, kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sáré lọ sí ọsibítù, kódà bó jẹ́ òru.

Kúráǹtì ò sì gbé kálísíọ̀mù wá láti ìta, èyí tó wà nínú ara ló ń lò. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà lọ́jà Glazoué àti ní etí títì Dassa dára fún un, àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun, ẹ̀wà, ẹyin, sóyà. Oòrùn ń fún wa ní fítámì D, ẹ má ti aláìsàn mọ́nú yàrá. Kó fi sìgá sílẹ̀ pẹ̀lú, torí sìgá ń mú eegun pẹ́ kó tó so, ìyẹn ti hàn kedere.

Bó bá wá di dandan láti lọ rí dókítà eegun ní Cotonou, nǹkan bí 200 kìlómítà, ẹ kó gbogbo fíìmù radio dání láti ti àkọ́kọ́, kí ẹ kọ ọjọ́ sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ibi tó dá ń mì, bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, báwo ni àlàfo náà ṣe fẹ̀ tó. Bí ó bá dárúkọ ẹ̀rọ kúráǹtì, kó sọ oríṣi wo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wákàtí mélòó lójúmọ́, oṣù mélòó, àti ọjọ́ wo ni wọ́n máa tún ya radio láti mọ̀ bóyá kó tẹ̀síwájú tàbí kó dá a dúró.